Ojú omi ni kí ẹ máa wò, mà

Lẹ́tà kan dé láti Ìkẹ́nnẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi gbé akuéríọ̀mù kan wá láti Èkó fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹja gourami márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ńlá méjì aláwọ̀ búlúù, kékeré mẹ́ta tó ní ìlà pupa lára. Nígbà tó yá, mo rí ìfófò lójú omi bíi ti ọṣẹ. Mo rò pé omi ti bàjẹ́ ni, mo fi ṣíbí kó o dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kó o dànù kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ìtẹ́ ẹja ni. Mo wá fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n yé, ẹyin pa, mo lọ oúnjẹ ẹja kúnná bí àtíkè fún àwọn ọmọ, síbẹ̀ kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí gbogbo wọn fi kú. Nínú oṣù kìn-ín-ní wọ́n tún yé. Mo ra oúnjẹ olómi tí wọ́n ń tà fún ọmọ ẹja, àwọn yẹn sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfi bí wọ́n ṣe kú tán láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ hítà wà nínú omi o. Ara abo ti di ọgbẹ́ báyìí. Aládùúgbò kan ní omi kànga-dẹ̀rọ wa ni kò dáa, òmíràn ní kí n da iyọ̀ sí i. Mo tún ti ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, ó ń hó yagba yagba. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Ẹ kú ilé o, mà, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Ní ti ìfófò tí ẹ fi ṣíbí kó dànù, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Oníbàárà mi kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde da gbogbo omi táǹkì rẹ̀ nù nítorí ìfófò yẹn, ó fi ọṣẹ fọ gíláàsì, ó wá bá mi jà ní ṣọ́ọ̀bù pé mo ta ẹja tó ń dà á lómi rú fún òun.

Ikú méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, mà, ohun tó sì fa ọ̀kan kọ́ ló fa èkejì. Ebi ló pa àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Ọyẹ́ ló pa àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Omi kànga-dẹ̀rọ yín kò mọwọ́mẹsẹ̀, iyọ̀ kò sì lè ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Gbogbo nǹkan tó ṣe pàtàkì ní ìgbésí ayé gourami, ojú omi ló ti ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń wò. Inú omi ni gbogbo wa máa ń tẹjú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń mí. Ẹ ti rí ẹja àrọ̀ nínú abọ́ àwọn tó ń ta ẹja ní ọjà: omi kò ju ìwọ̀nba lọ, àrọ̀ ogún wà lórí ara wọn, wọn ò kú. Ẹ gbé epìyà sínú abọ́ kan náà, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣojú fòò. Ohun tó fà á ni pé àrọ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ mì lókè omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni gourami. Ó ní ìyàrá kékeré kan nínú orí, lókè ibi pupa tí àwọn ẹja yòókù fi ń mí, eegun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ká jọ sínú rẹ̀ bí ewé kábéèjì, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ lára awọ tó bò ó. Tí ẹ bá jókòó ti táǹkì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ máa rí i tí ẹja á gòkè, á fi ẹnu kan ojú omi pẹ́ẹ́, á tún padà sísàlẹ̀. Èémí ló lọ mí.

Ibi tó ti wá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ búlúù yín, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Trichopodus trichopterus, ìbátan àwọn tó ń gbé inú àbàtà àti oko ìrẹsì ní Thailand, Vietnam, Malaysia àti Indonesia ni. Kékeré onílà pupa, Trichogaster lalius, ọmọ Íńdíà àti Bangladesh ni. Omi ibẹ̀ gbóná, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn, ewé bò ó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwa náà ní irú ẹja bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ọ wa, nítorí mọ̀lẹ́bí gourami kan tí wọ́n ń pè ní Ctenopoma wà nínú omi Nàìjíríà. Àwọn ará Thailand kì í tilẹ̀ fi gourami ṣe ìran wò nìkan o. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń dín jẹ. Mo máa ń rò ó pé èèyàn lè fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ mu gàrí Ìjẹ̀bú dáadáa.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èmi náà pa ẹja mẹ́rin lóru ọjọ́ kan. Mo bu omi kún táǹkì dé ẹnu, mo fi gíláàsì dé e pa, mo tún gbé ìwé lé e lórí nítorí ológbò. Omi mọ́, oúnjẹ wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí àyè tí ẹja máa gbé ẹnu sí. Ẹja kú sínú omi tó mọ́ gaara. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí.

Ó kan ọyẹ́ wàyí. Ọmọ gourami kì í ní ìyàrá inú orí yẹn nígbà tó bá jáde láti inú ẹyin. Inú omi ló ti ń mí bí ẹja yòókù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ni ìyàrá náà máa ń hù, ìgbà yẹn ló sì máa kọ́kọ́ gòkè wá mí. Ẹ wá wo kàlẹ́ńdà yín, mà. Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè àwa gan-an ń bẹ́. Hítà yín ń mú omi gbóná, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi tutù, ó sì gbẹ. Ọmọ ẹja tí kò tó ìka kékeré nínú gígùn gbé ẹnu sókè, ó fa òtútù sínú ara tó ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì wọ́n ti lọ tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin irú ẹja yìí pẹ́ mọ ọ̀sẹ̀ búburú yẹn. Tí iná bá tún wá lọ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di òwúrọ̀, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, hítà pàápàá di igi lásán nínú omi.

Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n. Láti ọjọ́ tí ẹyin bá ti pa títí tí àwọn ọmọ á fi pé oṣù kan ààbọ̀, ẹ dé táǹkì wọn dáadáa. Gíláàsì ni kó kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀, kí ẹ wá ta nylon lé gíláàsì, kí àyè afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á máa rú ooru sókè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì ní gbẹ. Tí ẹ bá rí i tí omi ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ ìdérí bíi ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ti dáa nìyẹn. Lóru ọyẹ́, ẹ ká búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yí gíláàsì ká. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ohun tó sì dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n yé nígbà ọyẹ́ rárá: ẹ ya akọ àti abo sọ́tọ̀ láti oṣù kọkànlá, kí ẹ tún pa wọ́n pọ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ebi ló gùn jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ọmọ gourami kéré ju ọmọ epìyà lọ fíìfíì. Ẹyin máa ń pa láàárín nǹkan bí wákàtí 24 sí 36 tí omi bá wà ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 27 sí 28. Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n á kàn rọ̀ sábẹ́ ìfófò bí okùn abẹ́rẹ́, wọ́n á máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá nínú ikùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ gbọọrọ ni oúnjẹ yẹn tán. Oúnjẹ tí ẹ lọ̀ bí àtíkè, lójú wọn òkúta ni. Ẹnu wọn kò gbà á, kì í sì í mira, ohun tó ń mira ni wọ́n ń lé. Ó wá rì sísàlẹ̀, ó jẹrà, ó ba omi jẹ́ mọ́ wọn. Oúnjẹ olómi tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kejì ló gbé àwọn tó kù dé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ ò rí i pé ẹ ti ń mọ̀ ọ́n ṣe bọ̀.

Oúnjẹ wọn gan-an ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú omi tó bá dúró, tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ lè sìn wọ́n fúnra yín. Ẹ wá ìgò ńlá kan, ẹ bu omi láti inú táǹkì fúnra rẹ̀ sí i, torí pé àwọn ẹ̀dá náà ti wà níbẹ̀. Ẹ ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ tàbí ewé letusi tó ti rọ sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti ní sè é. Ní ọjọ́ kejì, ìkẹta, á dà bí omi ògì, á sì rùn. Ẹ má dà á nù. Tó bá fi máa di nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, omi náà á tún mọ́, tí ẹ bá sì gbé ìgò sókè kọjú sí iná, ẹ máa rí i bí eruku tó ń rìn. Oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa bu ìdajì ife sínú táǹkì àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ ṣe ìgò méjì mẹ́ta, kí ọjọ́ wọn má bára mu, kí ọ̀kan lè máa jí nígbà tí èkejì bá ń kú lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ fi aṣọ sẹ́ pupa ẹyin bíbọ̀ sínú omi. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ èmi kì í ṣe é. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan á lé yín jáde nínú pálọ̀.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹnu wọn á ti gba artemia, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àwọn tó ń ta ẹja akuéríọ̀mù máa ń ta ẹyin rẹ̀ nínú agolo kékeré. Ibi tí iyọ̀ aládùúgbò yín ti wúlò nìyí, mà: inú omi iyọ̀ ni artemia ti ń pa, gíráàmù 25 sí 30 nínú lítà omi kan. Ẹ̀rọ tó ń hó yagba yagba tí ẹ rà náà ti rí iṣẹ́. Ẹ ti okùn rẹ̀ bọ inú ìgò omi iyọ̀ yẹn kó máa ru ẹyin sókè, láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ ẹ máa rí wọn bí eruku ọsàn tó ń jó. Ẹ fi aṣọ sẹ́ wọn, ẹ fi omi lásán ṣàn wọ́n, kí ẹ tó dà wọ́n sí táǹkì.

Ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú omi tí ẹja ti ń yé. Ìtẹ́ ìfófò kò lè dúró lójú omi tó ń hó. Akọ á fọ́n ọn, ẹ̀rọ á tú u, akọ á tún fọ́n ọn, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fílítà, èyí oníkànrìnkàn tó ń fà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dín in kù débi tí ojú omi kò ní mì.

Ohun tó ń di ìtẹ́ mú lójú omi ni ewé. Ẹ wá òjúoró. Òjúoró ní í lékè omi, gbogbo wa la ti fi gbàdúrà rí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun mìíràn tó bá gourami lára mu tó o. Akọ á fọ́n ìfófò sáàárín ewé rẹ̀, abo á sá sábẹ́ rẹ̀ tí ìjà bá dé, gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ bí irùngbọ̀n sì kún fún àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ máa ń jẹ. Èyí tí mo máa ń lò, apá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń bá mi mú un wá. Ẹ má kàn jù ú sínú táǹkì bó ṣe dé. Ẹ fi sínú ike omi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa ṣàn án, kí ẹ yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò dáadáa fún ìgbín àti kòkòrò. Èèyàn mi kan gbé ọmọ lámilámi wọlé láìmọ̀, ó pa ọmọ ẹja tó tó ogójì jẹ.

Ní ti abo tó gbọgbẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ẹ fi sínú ike ńlá pẹ̀lú omi mímọ́ àti ewé igi fúrúùtù méjì, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ òkò sí èso rẹ̀. Ewé tó ti gbẹ, tó já fúnra rẹ̀, ni kí ẹ ṣà, kí ẹ fọ̀ ọ́. Á sọ omi di àwọ̀ tíì. Àwọn tó ń sin ẹja ní apá Éṣíà ti ń lo ewé yẹn tipẹ́, torí pé ó máa ń jẹ́ kí omi kan díẹ̀, kò sì jẹ́ kí bíbu tètè mú ojú ọgbẹ́. Kì í ṣe pé akọ yín burú. Tó bá ti ní ìtẹ́, abo tí ẹyin rẹ̀ kò tíì gbó, ọ̀tá ló kà á sí. Bí ẹ bá ní àyè, abo méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi ti akọ kan. Lẹbẹ tó wà lórí ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: ti akọ gùn, ó sì ṣe ṣónṣó, ti abo kúrú, ó rí roboto.

Omi yín ńkọ́? Omi kànga-dẹ̀rọ agbègbè wa sábà máa ń kan díẹ̀, gourami sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, 6 sí 7.5 ló bá a lára mu. Ẹ ṣáà pọn ọ́n sínú ike kó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó, pàápàá tó bá ní àwọ̀ ìpẹtà.

Nígbà tí abo bá ti sàn, tí ẹ bá fẹ́ tún gbìyànjú, ẹ má lo táǹkì ńlá. Ẹ wá òmíràn tó gba nǹkan bí 40 lítà, ike tó mọ́lẹ̀ gan-an ṣeé lò. Kí omi inú rẹ̀ má ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ. Ẹ fún akọ àti abo ní oúnjẹ alààyè fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó pàdé. Tanwíjí ló dáa jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gbé abọ́ omi sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹ máa kó tanwíjí inú rẹ̀ tán lójoojúmọ́, àìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn lẹ máa sìn fún gbogbo àdúgbò. Abo á yọkùn.

Ìyókù, ẹ fà sẹ́yìn kí ẹ máa wòran. Akọ á mú àwọ̀ dúdú jinlẹ̀, á tan lẹbẹ rẹ̀ ká bí ẹni tí règbérègbé rẹ̀ ń kọjá ní Ojúde Ọba. Tí abo bá gbà, á wá sábẹ́ ìtẹ́, á fi ẹnu kàn án ní ìhà. Akọ á wé mọ́ ọn bí ọ̀já, á dojú rẹ̀ sókè, àwọn méjèèjì á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹyin á sì tú jáde. Ẹyin náà ní òróró nínú, torí náà òkè ló ń léfòó lọ tààrà, sínú ìfófò. Èyí tó bá ṣìnà, akọ á fi ẹnu gbé e padà. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, abo búlúù tó dàgbà sì lè yé tó 1,000. Gbàrà tí wọ́n bá parí, ẹ yọ abo. Bàbá ló ń tọ́jú ọmọ nínú ìdílé yìí. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ gbọọrọ, ẹ yọ òun náà, nítorí tó bá ti gbàgbé pé ọmọ òun ni wọ́n, oúnjẹ ni wọ́n. Omi wọn, ẹ máa fi okùn ike tín-ín-rín fa ìdá kan nínú mẹ́wàá jáde lóòjọ́, kí ẹ fi èyí tó ti sùn, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, dípò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn kékeré mẹ́ta. Tí ìlà pupa bá hàn lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akọ ni gbogbo wọn, torí pé abo wọn kì í ní ju àwọ̀ fàdákà lọ, kì í sì í tètè tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má retí ọmọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ńlá, á máa fìyà jẹ wọ́n. Bí ọ̀kan bá ń ṣá láwọ̀, tí kò jẹun mọ́, tí egbò yọ lára rẹ̀ tàbí tí ikùn rẹ̀ wú, kòkòrò àrùn kan wà tó máa ń bá irú wọn jà, kò ní oògùn. Ẹ má náwó lé e, ẹ ṣáà gbé e kúrò láàárín àwọn tó kù.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà yín pé bóyá ẹ lè tà lára wọn. Ìjẹ̀bú ni mí, mà, n kò lè sọ pé kí ẹ má ṣírò. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n máa lò kí ẹni tó ń rà tó fojú sí wọn, ẹ ó sì máa ṣà wọ́n lótọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé èyí tó tóbi ń jẹ èyí tó kéré. Bí 50 bá yè nínú ẹgbẹ̀rún nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n bá yín yọ̀. Tí wọ́n bá wá pọ̀ ju àyè yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú wọn lọ dà sínú odò Uren. Ní Sri Lanka àti Colombia, gourami búlúù tí kì í ṣe ẹja ibẹ̀ ti bọ́ sínú odò, ó sì ti dúró síbẹ̀ títí dòní. Ẹ kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní àyè afẹ́fẹ́ lókè, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo máa gbà wọ́n bó bá ṣe mọ, mo sì máa fi òjúoró ránṣẹ́ padà.